Ọ̀rọ̀ Tí A Fi Ń Sọ Ìbànújẹ́

Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni mo fẹ́ kí a fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni: dùn. Ẹ kà á sókè. Oyin dùn. Ọbẹ̀ yìí dùn. Inú mi dùn. Gbogbo wa mọ̀ pé ohun rere ni a ń sọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀gún bá gún wa lẹ́sẹ̀, a máa ń ní: Ẹsẹ̀ ń dùn mí. Tí ọ̀rẹ́ bá dà wá, a máa ń ní: Ó dùn mí. Ọ̀rọ̀ kan náà ni lẹ́nu, ọ̀rọ̀ kan náà ni nínú ìwé. Àmì orí rẹ̀ kò yí padà. Ẹ tún kà méjì yìí: Ó dùn mí. Ó dùn mọ́ mi. Ẹni tó sọ èkíní ń fa ojú ro. Ẹni tó sọ èkejì ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ kékeré tó wà láàrin wọn ló ṣe ìyàtọ̀.

Ẹni tó bá ń kọ́ ìwé lè rò pé iṣẹ́ àmì àti lẹ́tà nìkan nìyẹn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ènìyàn bá sọ fún wa pé inú òun kò dùn, ó yan ọ̀rọ̀ kan nínú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tó yàn ń bèèrè nǹkan lọ́wọ́ wa. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ rò ni èyí: kí ni ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń bèèrè, ta ló sì jẹ̀bi tí a kò bá gbọ́ ọ?

Ìbànújẹ́ ni ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa kọ́kọ́ ń mú. Tí a bá tú u, a ó rí inú ní àárín, a ó sì rí bàjẹ́ ní ìhà méjèèjì. Ohun tó ń bàjẹ́ pọ̀ láyé. Ọbẹ̀ tí a kò gbé kaná ń bàjẹ́. Ọ̀nà ń bàjẹ́ nígbà òjò. Mọ́tò ń bàjẹ́, a sì ń tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ kò ní gbọ́ lẹ́nu Nàgó kan pé òun ń lọ tún inú ọ̀rẹ́ òun ṣe. Ohun tí yóò sọ ni pé: Mo ń lọ tù ú nínú. Tù yìí náà ni a ń lò nígbà tí a bá ti oko dé, tí a wẹ̀, tí atẹ́gùn fẹ́ sí wa: Ara tù mí. Àwọn tó fi èdè yìí lé wa lọ́wọ́ mọ̀ pé inú ènìyàn kì í ṣe mọ́tò. Ẹni tó bá lọ sí ilé ọlọ́fọ̀ bí ẹni tó fẹ́ tún nǹkan ṣe, àsọjù ni yóò sọ. Yóò ní ọmọ mìíràn ń bọ̀. Yóò ní ẹni tó kú ti sinmi. Yóò ní kí wọ́n má sunkún mọ́. Ẹni tó mọ̀ pé títù ni òun wá tù wọ́n, yóò kí wọn, yóò jókòó, yóò pẹ́ díẹ̀.

Gbogbo èdè ló ní tirẹ̀. Tí inú ará Faransé kan bá bàjẹ́ tí kò mọ ìdí rẹ̀, ó lè ní òun ní cafard. Cafard yìí, aáyán ni lédè wọn. Nígbà tí mo sọ ọ́ ní kíláàsì wa ní Banikanni, ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Ìyá kan ní: «Aáyán tèmi wà nínú àpótí aṣọ, kò tíì dé inú mi.»

Ọ̀fọ̀ kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ẹ ṣọ́ àmì abẹ́ rẹ̀ o. Òfò tí kò ní àmì lábẹ́ ni ti ọjà: ẹni tó ra iṣu púpọ̀ tí iṣu náà jẹrà, òfò ló ṣe. Ọ̀fọ̀ tó ní àmì lábẹ́ ni ti ikú. Ìbànújẹ́ lè jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, kí ẹni tó bá a sùn lórí ẹní má mọ̀. Ọ̀fọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Tí a bá ti sọ pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ní ilé kan, gbogbo àdúgbò ni a ti pè. Nàgó, Bàrìbá, Dẹ́ńdì, Fọ̀n àti Fúlàní ló ń gbé pọ̀ ní Parakou. Àwọn kan ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, àwọn kan ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ ọ̀fọ̀, kò sí ẹni tó ń bèèrè èdè tí wọ́n ń sọ nínú ilé náà kí ó tó gbé ìjókòó tàbí omi lọ síbẹ̀.

Àwọn àgbà tún pín ikú sí ọ̀nà méjì. Tí àgbà bá kú, tí ó fi ọmọ àti ọmọ-ọmọ sílẹ̀, òkú rẹ̀ kì í ṣe òkú ọ̀fọ̀. A ń sè, a ń jẹ, a sì ń kí àwọn ọmọ pé: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ṣùgbọ́n tí ọ̀dọ́ bá kú ṣáájú ìyá àti bàbá rẹ̀, kò sí àsè níbẹ̀. Ẹ kú ará fẹ́ra kù ni a ń kí wọn. Ẹni tí a fẹ́ kù ni ẹni tí a wá, tí a wò yíká, tí a kò rí mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò sọ fún wọn pé kí wọ́n gbàgbé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ló sọ, kò fi nǹkan kún un. Nínú gbogbo ìkíni wa, òun ni mo fẹ́ràn jù.

Ṣùgbọ́n ọ̀fọ̀ ní iye ọjọ́. Ọjọ́ 8 wà, ọjọ́ 40 wà. Obìnrin Mùsùlùmí tí ọkọ rẹ̀ kú yóò ṣe opó fún oṣù 4 àti ọjọ́ 10. Tí ọjọ́ bá pé, yóò bọ́ aṣọ opó, yóò padà sí ọjà. Àwọn ènìyàn kò ní wá jókòó tì í mọ́, wọn kò sì ṣe ohun tó burú, nítorí iṣẹ́ tiwọn náà wà. Ọ̀fọ̀ ti tán. Ta ló sọ pé ìbànújẹ́ ti tán?

Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni àròkàn ń dé. Àròkàn ni ìrònú tó lọ kan ohun tó ti pẹ́. Ẹ̀yin náà ti rí obìnrin tó lọ sí ilé òkú ẹni tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀, tí ó sì sunkún ju àwọn ọmọ olóòkú lọ. Àwọn kan yóò máa yọ ṣùtì sí i, wọn yóò ní ojú ayé ló ń ṣe. Èmi kò gbà pẹ̀lú wọn. Òkú tirẹ̀ ló ń sun. Ní ilé rẹ̀, ọjọ́ ẹkún ti kọjá, kò sí ẹni tó tún máa bèèrè. Ó wá rí ibi tí àyè ẹkún ti ṣí sílẹ̀, ó bá wọlé. Ẹkún àròkàn ni a ń pè é, èdè wa ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, kò sì pè é ní irọ́. Ní ìhà Ọ̀yọ́, Ìṣẹ́yìn àti Ṣakí, ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ẹkún ìyàwó wà pẹ̀lú: ọmọbìnrin tó ń lọ sí ilé ọkọ a máa fi ohùn arò dágbére fún ìyá àti bàbá rẹ̀, ní ọjọ́ tí gbogbo ilé ń yọ̀. Wọn kì í bá a wí pé ó ń ba ọjọ́ ayọ̀ jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá sí àárò. Òun ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù, nítorí òun ni ẹ ó máa kọ sí àwọn ọmọ yín.

Àárò, láìsí àmì lábẹ́, ni ohun tó ń ṣe wá nígbà tí ẹni tí a fẹ́ràn kò sí nítòsí. Àárọ̀, tó ní àmì lábẹ́, ni òwúrọ̀. Ọ̀pọ̀ tẹlifóònù kò ní àmì abẹ́, àwọn méjèèjì á wá di ọ̀kan. Kò sí ewu. Ẹni tó bá gbọ́ Nàgó yóò mọ̀ pé òwúrọ̀ kì í sọ ènìyàn.

Obìnrin kan wà tó ń kọ́ ìwé lọ́dọ̀ wa, iṣu ló ń tà ní ọjà Arzèkè. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà ní Kútọnu. Ní ọjọ́ tí ìyá yìí kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ọ̀rọ̀ sórí tẹlifóònù, tí kò bẹ ẹnikẹ́ni, ohun tó kọ ni: Ó dùn mí pé o kò wá. Ọmọ náà kà á, ẹ̀rù bà á. Ní ọjọ́ kejì ó fi owó ránṣẹ́. Ìyá gba owó náà, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn. Ó gbé tẹlifóònù wá sí kíláàsì, ó ní kí a bá òun wo ibi tí òun ti ṣi ọ̀rọ̀ kọ. A wò ó. Kò sí àṣìkọ kankan níbẹ̀.

Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ló rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó dùn mí a máa wá ẹni tó ṣẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò wo ọwọ́ ara rẹ̀, yóò ní: «Kí ni mo ṣe?» Yóò tọrọ àforíjì, tàbí kí ó fi owó tán ọ̀ràn náà. Àárò rẹ ń sọ mí kì í wá ẹlẹ́ṣẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ, ọ̀nà ilé ni yóò máa wò. Ìyá kò bínú sí ọmọ rẹ̀ rárá. Ojú rẹ̀ ló fẹ́ rí. Ó tún un kọ: Àárò rẹ ń sọ mí. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ọmọ náà pè é, wọ́n sì sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú dáadáa. Ó wá fún ọdún Iléyá.

N kò sọ pé kí ẹ má kọ ó dùn mí mọ́. Tí ẹnì kan bá ṣẹ̀ yín, òun ló yẹ kí ẹ kọ. Àwọn kan wà tí wọ́n ń bo ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tútù, wọ́n ń ní inú àwọn kàn bàjẹ́ ni, bí ẹni pé inú a máa dédé bàjẹ́ fúnra rẹ̀. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń lù, tí ó ń sọ pé ìbànújẹ́ ló ń ṣe òun, ọ̀rọ̀ tó mú ti bo ọkọ náà mọ́lẹ̀. Ó yẹ kí ó rí ẹni tó máa sọ fún un pé: «Ẹnì kan ló bà á jẹ́. Dárúkọ rẹ̀.»

Àárò pẹ̀lú ní wàhálà tirẹ̀, nítorí kì í ṣe ilé bàbá ẹni nìkan ni àárò rẹ̀ ń sọ ènìyàn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà, lábẹ́ Kofi Busia, fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ 2 péré láti jáde. Ọ̀pọ̀ Yorùbá oníṣòwò ló wà lára wọn. Wọ́n padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, sí Ṣakí, sí Ìgbóho àti sí ìlú mìíràn. Àwọn tí wọ́n bí sí Gánà bá wọn padà, sí ilé tí wọn kò rí rí. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, Nàìjíríà náà ní kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé kó jáde, ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ Benin sì gbẹ́rù padà wálé. Ẹ ro ẹni tó ti lo ogún ọdún ní ìlú kan, tó ní ọ̀rẹ́ níbẹ̀, tó mọ ibi tí wọ́n ti ń ta mọ́ínmọ́ín tó dára. Ó dé ilé bàbá rẹ̀, gbogbo ènìyàn ní: «Ẹ kú àbọ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.» Ta ni yóò sọ fún pé àárò ìlú tó lé òun jáde ń sọ òun? Wọn yóò pè é ní aláìmoore. Ó mọ ọ̀rọ̀ tó tọ́, ṣùgbọ́n kò sí etí tó fẹ́ gbọ́ ọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló ń dákẹ́. Tí a bá sì bi í pé kí ló dé, yóò ní: «Ó rẹ̀ mí.»

Ó rẹ̀ mí ni ọ̀rọ̀ tó ń dẹ́rù bà mí jù nínú gbogbo wọn. Ẹni tó ti oko dé ń sọ ọ́. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì náà ń sọ ọ́, a kò sì lè mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì láti ẹnu nìkan. Àwọn ọkùnrin ló ń lò ó jù, nítorí láti kékeré ni a ti ń sọ fún wọn pé ọkùnrin kì í sunkún. Wọn yóò ní orí ń fọ́ àwọn. Wọn yóò ní oorun kò kun àwọn, pé oúnjẹ kò wù wọ́n jẹ. Wọ́n á lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n á gba oògùn orí fífọ́. Oògùn náà dára fún orí fífọ́.

Èyí kì í ṣe ọ̀ràn àdúgbò wa nìkan. Ní 1953, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé kan tí dókítà òyìnbó kan kọ. Carothers ni orúkọ rẹ̀, ó ti ṣiṣẹ́ ní Kẹ́ńyà. Ó kọ ọ́ pé àìsàn ìbànújẹ́, èyí tí Faransé ń pè ní dépression, ṣọ̀wọ́n láàrin àwọn ènìyàn dúdú. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà á gbọ́. Nígbà tó di 1961, dókítà Yorùbá kan, Thomas Adeoye Lambo, tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta, pẹ̀lú Alexander Leighton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, jọ wá àwọn ènìyàn lọ sí abúlé wọn. Wọ́n jókòó, wọ́n bi wọ́n ní ìbéèrè. Ìwé wọn jáde ní 1963. Wọ́n rí i pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún àìsàn náà. Ṣùgbọ́n gbogbo àmì rẹ̀ ni àwọn ará abúlé mọ̀: ẹkún tí kò dá, ìrònú tí kò jẹ́ kí ènìyàn ṣe nǹkan mìíràn, agbára tó tán lára, oúnjẹ tí kò wọlé, ayé tí kò wu ènìyàn mọ́. Àìsàn náà kò sì ṣọ̀wọ́n rárá. Ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yóò rò pé kò sí. Ó dà bí àlejò tó wọ ọjà Arzèkè, tó ń bèèrè légúmù lọ́wọ́ àwọn ìyá, tí wọn kò gbọ́, tó wá lọ sọ nílé rẹ̀ pé kò sí ẹ̀fọ́ ní Parakou.

Ohun tí Lambo ṣe pẹ̀lú àwọn aláìsàn rẹ̀ tún yẹ kí a mọ̀. Láti 1954 ló ti ń fi ọ̀pọ̀ lára wọn sí ilé àwọn àgbẹ̀ ní àwọn abúlé tó wà nítòsí Aro. Wọ́n á wá gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn, wọ́n á sì padà sí abúlé. Olúkúlùkù ló ní ará ilé rẹ̀ kan tó bá a wá, tó ń dáná fún un. Oògùn wà níbẹ̀. Ẹni tó jókòó tì í wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Nísinsìnyí, ta ló jẹ̀bi? Mo bi àwọn ọmọ kíláàsì wa: tí ènìyàn bá wà nínú ìbànújẹ́ tí kò sọ, ṣé òun ló jẹ̀bi ni, tàbí àwa tí a kò bèèrè? Bàbá kan fi òwe dáhùn. Ó ní ohun tó bá ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ẹni tí nǹkan bá dùn dé egungun yóò sọ ọ́, ẹni tí kò sọ, kò tíì dùn ún tó. Ìyá kan fi òwe mìíràn dá a lóhùn: ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni a fi ń rín. Àwọn àgbà ló pa òwe méjèèjì, òtítọ́ sì ni àwọn méjèèjì. Ní tèmi, ti ìyá yìí ni mo bá lọ. Ìrora kékeré ló máa ń pọ̀ lẹ́nu. Èyí tó tóbi a máa gba ohùn lọ́wọ́ ènìyàn, a ó sì máa retí pé ẹni tí kò ní ohùn ni yóò kọ́kọ́ pè wá.

Àwọn kan ní ìkíni wa ló fà á. Ṣé dáadáa ni? Dáadáa ni. Ilé ńkọ́? A dúpẹ́. Àwọn ọmọ ńkọ́? Wọ́n wà. Kí ó tó tán, a ti kọjá ara wa. Mi ò rò pé ìkíni ló burú. Ẹni tó ní dáadáa ni kò purọ́. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, kò tíì pe àlejò wọlé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì wà tí a máa ń fi bèèrè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà wọ́n dáadáa: Kí lo ṣe? Kí ló ṣe ọ́? Èkíní ń wá ẹ̀ṣẹ̀ tí ènìyàn dá. Èkejì ń wá ohun tó dé bá a. Ọmọ tó bá wọlé pẹ̀lú omi lójú, èkíní ni ọ̀pọ̀ bàbá ń kọ́kọ́ bi í.

Ọkùnrin kan wà tó ń jókòó lẹ́yìn ní kíláàsì, tí kì í sábà sọ̀rọ̀. Ó ní: «Tí ẹ bá bi mí lẹ́ẹ̀kan, dáadáa ni mo máa sọ. Ẹ bi mí lẹ́ẹ̀kejì.» Ìyá tó wà nítòsí rẹ̀ ní tí ó bá tún sọ pé dáadáa ni ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó tẹ orí ba, ó ń kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Ìyá náà sún ìjókòó rẹ̀ mọ́ tirẹ̀.